ILÉ TÍ A RÀ LÁÌGBA KỌ́KỌ́RỌ́



Bí ọkùnrin kan bá ra ilé ní Mówè, tí ó ka owó lé onílé lọ́wọ́, tí onílé sì dá a lóhùn pé, "Ilé ti di tìrẹ, ṣùgbọ́n inú yàrá tí a tì pa ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà," kò sí àgbà kan ní ìlú náà tí yóò gbà pé ọjà ti parí. Wọn yóò ní kí onílé lọ mú kọ́kọ́rọ́ jáde, tàbí kí ó dá owó olówó padà. Síbẹ̀ irú ọjà yìí gan-an ni àwa ń ná lójoojúmọ́ láìjanpata, nígbàkígbà tí a bá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká titun, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní láptọ́ọ̀pù. A san owó gọbọi, a gbé páálí lọ sílé, a kò sì béèrè ohun tí a ó fi ṣí i ní ọjọ́ tí ó bá kọ̀ láti ṣí.

Ohun tí mo ń wí ni díìsìkì ìmúbọ̀sípò, èyí tí í ṣe díìsìkì tàbí fláàṣì tí ó dá dúró lóde ara ẹ̀rọ, tí a fi ń tan láptọ́ọ̀pù nígbà tí ohun inú rẹ̀ bá dàrú. Mo sọ ọ́ ní gbangba pé kò tọ́ kí oníṣòwò kankan ní Mówè, ní Ìbafò, ní Ìfọ̀, tàbí níbikíbi ní ilẹ̀ wa, ta láptọ́ọ̀pù titun fún ẹnikẹ́ni láìfi díìsìkì yìí lé e lọ́wọ́. Kò sì tọ́ kí àwa tí à ń pe ara wa ní ọ̀làjú máa rà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ti rí, kí á tó máa jiyàn. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì láti tan láptọ́ọ̀pù, kì í ṣe Windows ni ó kọ́kọ́ ta jí. Ètò kékeré kan wà tí a kọ sínú ègé kan lórí pátákó inú ẹ̀rọ náà. BIOS ni orúkọ rẹ̀ nígbà àtijọ́. UEFI ni à ń pè é nísinsìnyí. Òun ni aṣọ́nà. Òun ni ó ń yẹ ara ẹ̀rọ wò, tí ó sì ń wá ibi tí ètò ńlá tí yóò ṣàkóso gbogbo iṣẹ́ gbé wà. Ó ní àtẹ kan tí ó ń tẹ̀lé: a lè ní kí ó kọ́kọ́ wo díìsìkì inú, a sì lè ní kí ó kọ́kọ́ wo fláàṣì tí a kì bọ ihò USB. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kan bí ẹ̀rọ ti ń ta jí, F12 lára ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo, F9 tàbí Esc lára ọ̀pọ̀ HP, àtẹ náà yóò hàn sí wa, àwa náà yóò sì yan ibi tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ ti dìde. Gbogbo awo náà kò ju èyí lọ. Ọmọ tí ó lè fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù lè mọ̀ ọ́n láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Nígbà kan rí, inú páálí láptọ́ọ̀pù titun ni a ti ń bá CD tàbí DVD ìmúbọ̀sípò. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ yí ìwà padà. Wọ́n gé igun kan sọ́tọ̀ nínú díìsìkì inú, wọ́n kó ohun ìmúbọ̀sípò síbẹ̀, wọ́n sì ní kí oníbàárà fúnra rẹ̀ ṣe ti òde bí ó bá fẹ́. Ó dín ìnáwó wọn kù. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ èyí fún oníbàárà ní Ìfọ̀? Ìwé pélébé inú páálí kì í sọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹni tí ó tà á kì í dárúkọ rẹ̀, ẹni tí ó rà á kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè. Ní ọjọ́ tí díìsìkì inú bá kú, igun tí a gé sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ bá a kú. Ẹni tí ó kó omi tí yóò fi pa iná pamọ́ sínú àká, tí àká náà sì gbiná, kí ni yóò fi pa á?

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, "Kí ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo jẹ́, tí a ó fi máa pariwo lórí rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́?" Èmi yóò dá a lóhùn pé kì í ṣe nítorí irin àti ike ni mo ṣe ń pariwo, bí kò ṣe nítorí ohun tí a kó sínú rẹ̀. Ẹ wo Mówè àti Ìbafò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní etí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ wo Ìfọ̀, tí reluwé ti ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta láti ìgbà tí ọ̀rúndún ogún kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ẹgbàágbèje ènìyàn ni ó ń gbé ní ìlú wọ̀nyí tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Inú láptọ́ọ̀pù ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ń kọ ìpinnu ìpàdé sí. Inú rẹ̀ ni a ń kó ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ àti pláànù sọ́fè pamọ́ sí, ní ibi tí ẹjọ́ ilẹ̀ kì í ti í tán. Inú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ Mountain Top University tí ó wà ní Ìbafò ń kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ sí. Inú rẹ̀ náà ni ọmọ tí ó fẹ́ràn ìran rẹ̀ gba ohùn ìyá àgbà sí, níbi tí ó ti ń ki oríkì ìdílé tí ẹlòmíràn kò mọ̀ mọ́. Ìyá àgbà kì í padà wá ki oríkì lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ikú.

Ní ọjọ́ kan, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ̀, kò tàn mọ́. Olówó rẹ̀ gbé e lọ sí ìsọ̀ ẹnjiníà lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ níbẹ̀ ni pé, "A óò fọ́máàtì rẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ó nu gbogbo inú ẹ̀rọ náà nù bí a ti ń nu síléètì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́pọ̀ ìgbà, ètò tí ń ṣàkóso ẹ̀rọ nìkan ni ó dàrú. Ìwé olówó ẹ̀rọ wà níbẹ̀ láìfarapa. Bí ó bá ní díìsìkì òde lọ́wọ́, ìbá fi tan ẹ̀rọ náà, ìbá kó ìwé rẹ̀ jáde sórí fláàṣì mìíràn, kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ohunkóhun. Ubuntu àti irú rẹ̀ nínú ìdílé Linux lè ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan díìsìkì inú rárá. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Kódà títí di ọdún 2011, àwọn tí ń ṣe Ubuntu ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, níbikíbi ní àgbáyé.

Ibi kejì wà tí a ti ń fi àìmọ̀ wa jẹ wá níyà. Láti ìgbà Windows 8, tí ó jáde ní ọdún 2012, àwọn tí ń ṣe láptọ́ọ̀pù tí ó bá Windows wá láti ilé iṣẹ́ ń kọ nọ́ńbà àṣẹ Windows náà sínú ègé ara ẹ̀rọ. Bí a bá tún irú Windows kan náà kọ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò dá ara rẹ̀ mọ̀, kò sì ní béèrè kọ́bọ̀. Oníbàárà ti san owó àṣẹ yìí mọ́ iye tí ó fi ra ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní díìsìkì tirẹ̀, wọ́n á fi Windows tí a jí gbé, tí a fọ́ àgádágodo rẹ̀, sínú ẹ̀rọ tí ó ní Windows tòótọ́, wọ́n á sì gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Irú Windows bẹ́ẹ̀ sì ń gbé kòkòrò aṣèparun wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó ra àgbò, tí a wá gba àgbò náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a fi òbúkọ olè dípò, tí ó sì tún san owó ìfàbọ̀, ǹjẹ́ kò yẹ kí a ṣàánú rẹ̀?

Èmi kò bú àwọn ẹnjiníà wa o. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń jẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ olóòótọ́ àti ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún wọn pátápátá, kí ó rántí pé fláàṣì kan tí a ń lò fún gbogbo ẹ̀rọ kì í fi gbogbo ìgbà bá ẹ̀rọ mu. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí ó ní ọpọlọ Intel láti ìran kọkànlá síwájú ni ohun tí a fi ń kọ Windows kì í rí díìsìkì inú wọn rárá, àyàfi bí a bá fi ètò atọ́nà kan láti ọ̀dọ̀ Intel kún un. Ẹni tí kò mọ èyí yóò sọ pé díìsìkì ti kú, yóò sì ní kí a ra òmíràn. Bí olówó ẹ̀rọ bá gbé díìsìkì tí a ṣe fún ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, iṣẹ́ ẹnjiníà á rọrùn, irọ́ kò sì ní ráyè wọ àárín wọn.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ń sọ pé ìlẹ̀kùn tí a tì ni ó dára, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ń gba ti òde, olè náà lè kì fláàṣì bọ̀ ọ́, kí ó sì kó àṣírí wa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ nínú, èmi kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Nítorí rẹ̀ ni UEFI fi ní ohun tí à ń pè ní Secure Boot, tí ó ń yẹ ètò wò bóyá a ti fi òǹtẹ̀ tí òun mọ̀ lù ú, kí ó tó gbà á láyè. Nítorí rẹ̀ náà ni Windows 11 ti ọdún 2024, tí à ń pè ní 24H2, fi ń sọ ohun inú díìsìkì di àrokò lára ẹ̀rọ titun tí a bá fi orúkọ Microsoft forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ra Mac tí ó ní ègé T2 yóò rí i pé, láti ilé iṣẹ́ ni a ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dìde láti orí díìsìkì òde, àfi bí olówó rẹ̀ bá kọ́kọ́ yí àṣẹ náà padà.

Èmi kò ní kí a fọ́ ìlẹ̀kùn. Ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn, ìta gbangba ni. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ẹ̀rọ tí ó sọ ìwé wa di àrokò ní nọ́ńbà onídíjíìtì 48 tí a ó fi tú u. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbafò ń lo irú ẹ̀rọ yìí láìmọ̀ pé nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wà, nítorí pé ọmọ ìsọ̀ ni ó bá wọn forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n rà á, nígbà mìíràn pẹ̀lú àdírẹ́sì tirẹ̀. Nọ́ńbà náà wà ní ìkáwọ́ àlejò. Ní ọjọ́ ìpọ́njú, díìsìkì òde lè tan ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n láìsí nọ́ńbà yìí, ìwé inú rẹ̀ kò ní ṣe é kà. Ìṣọ́ tí ó ń ti olówó mọ́ta, tí ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ni a ń pè é bí kì í ṣe ẹrú?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èyí kò lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọlọ́gbọ́n, kí ó rántí ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, àtúnṣe kan tí ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ mú kọ̀ǹpútà Windows tí Microsoft ṣírò sí mílíọ̀nù 8.5 dákú káàkiri àgbáyé. Ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra, ilé ìwòsàn àti ilé ìfowópamọ́ dààmú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà kò ṣe é tún ṣe láti òkèèrè. Ènìyàn ní láti lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n jókòó sí. Microsoft fúnra rẹ̀ ni ó gbé ètò kan jáde láti kọ sórí fláàṣì USB, kí a lè fi tan wọn. Bí àwọn ọlọ́lá ayé bá sá di fláàṣì òde ní ọjọ́ ìpọ́njú, èwo ni ti àwa tí iná mànàmáná ń pa lójú tí ó sì ń là lójú, tí ẹ̀rọ wa ń kú lójijì lójoojúmọ́?

Ẹni tí yóò pinnu ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ wa ti di ìjà rí. Ní ọdún 2007, a fẹ́ kó kọ̀ǹpútà kékeré Classmate ti Intel 17,000 wá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Mandriva, ilé iṣẹ́ Faransé kan tí ń ṣe Linux, ní àdéhùn pé ètò tòun ni yóò wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún náà, olórí rẹ̀, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft, ó ń ráhùn pé a ti fẹ́ yọ ètò náà kúrò láti fi Windows rọ́pò rẹ̀. Èmi kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí ó dùn mí ni pé Faransé àti Amẹ́ríkà ni ó ń fa aṣọ ya mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí ohun tí ọmọ Nàìjíríà yóò rí nígbà tí ó bá tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí díìsìkì òde wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí olùkọ́ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lò, kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó wù ú ni yóò fi sí i.

Àwọn baba wa kò jókòó tẹtẹrẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1854, àwọn ọ̀dọ́ ìlú kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n mọ bí a ti ń to lẹ́tà àti bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1859, Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde láti ibẹ̀. Ìlú kan náà tí ó bí wọn ni ó wà lẹ́yìn wa níhìn-ín ní Ìfọ̀. Ṣé àwọn tí ó kọ́ ẹ̀rọ òjé yóò bí ọmọ tí yóò bẹ̀rù fláàṣì?

Ó ku àwọn tí ń sọ pé ó wọ́nwó. Fláàṣì tí ó gba GB 8 tó fún Windows titun, èyí tí ó gba GB 32 sì tó fún díìsìkì ìmúbọ̀sípò tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò ṣe. Dátà tí a ó fi gba Windows wálẹ̀ lé ní GB 5. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ohun kékeré fún òtòṣì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni oníṣòwò yóò gbà á wálẹ̀, yóò sì fi ṣe fún ọgọ́rùn-ún oníbàárà. Owó yìí kò tó nǹkan kan lára iye tí a fi ra ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ra mọ́tò tí kò ra táyà ìpamọ́ kò rí owó ṣọ́. Ìyà ni ó rà sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ kí a ṣe nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó láptọ́ọ̀pù titun tán títí a ó fi ṣe díìsìkì òde lójú rẹ̀, tí a ó sì fi tan ẹ̀rọ náà kí ó rí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó; díìsìkì tí a kò dán wò kò yàtọ̀ sí oògùn tí a kò mọ̀ bóyá ó ń jẹ́. Kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ó sì kọ nọ́ńbà onídíjíìtì 48 náà sórí ìwé, kí ó tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Kí ó tún díìsìkì náà ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí ó sì máa ṣe ẹ̀dà ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí díìsìkì ìmúbọ̀sípò ń mú ẹ̀rọ padà ni, kì í mú oríkì ìyá àgbà padà.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ oníṣòwò ní Ìfọ̀ àti ní Mówè, ẹ fi èyí ṣe òfin ọjà yín, bí ẹ ti fi òṣùwọ̀n ṣe òfin fún gàrí. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀nà tí a fi ń tan ẹ̀rọ láti òde, kí ẹ sì fi Yorùbá tí ó já gaara kọ́ wọn. Ẹ̀yin ìjòyè wa, nígbà tí ọlọ́lá kan bá fi kọ̀ǹpútà ta ìlú lọ́rẹ, tí ẹ ń ya fọ́tò, ẹ béèrè díìsìkì rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn kí ẹ tó dúpẹ́. Àti ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín jẹ́ ti Windows 10, tí Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí a sì ń sọ fún yín pé kò lè gba Windows 11, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ fi Linux dán an wò láti orí fláàṣì kan. Ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ pọ̀ fún un níwájú.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀rọ tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo láti ta jí, tí ọ̀nà náà sì wà lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn, tiwa kọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wa ni a fi rà á. Ẹ jẹ́ kí a gba kọ́kọ́rọ́ wa.